Koríko ń jẹrà l'Adakplamè lójò, màlúù ń wọ oko lẹ́ẹ̀rùn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kétu lọ sí Adakplamè nínú oṣù kẹfà kò ní gbà pé ebi lè pa ẹran ọ̀sìn níbẹ̀ láéláé. Eèsún àti àwọn koríko ńláńlá mìíràn á ga ju ẹni tó jókòó sẹ́yìn zẹ́mì lọ, wọ́n á tẹ̀ wá sójú ọ̀nà, ìrì ara wọn á rin èèyàn láàárọ̀ bí ẹni pé òjò ń rọ̀. Kí onítọ̀hún tún gba ibẹ̀ kọjá nínú oṣù kìíní, eérú ni yóò bá. Èyí tí oòrùn kò gbẹ, iná ọdẹ àti iná olóko ti jó o.

Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ìròyìn kan náà ló ń dé etí wa. Màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹnìkan, wọ́n jẹ ewé, wọ́n tẹ ebè mọ́lẹ̀. Olóko gbé àdá, darandaran gbé ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí abúlé, ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, nígbà mìíràn ó dé ilé ìwòsàn. Àwa tí à ń kọ ìròyìn abúlé ti kọ irú rẹ̀ débi pé bí a bá pààrọ̀ orúkọ oko, ìròyìn èṣín á bá ti ọdún yìí mu wẹ́kú. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ oníròyìn pé kí a máa bèèrè ta ni, kí ni, níbo, nígbà wo, àti kí nìdí. Ìtìjú ló jẹ́ fún wa pé a ti ń bèèrè mẹ́rin àkọ́kọ́, a sì ń gbàgbé ìkarùn-ún. Kí nìdí tí màlúù fi wọ oko? Ebi ń pa á ni. Kí ló yẹ kó jẹ? Ìbéèrè yìí la kì í bi ẹnikẹ́ni.

Ìjọba kò dákẹ́. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2019, òfin lórí ọ̀rọ̀ darandaran, èyí tí wọ́n ń pè ní Code pastoral, jáde ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí ọdún 2019 ń parí lọ, ìjọba tún kéde pé agbo màlúù láti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé wá jẹko mọ́. Ní òdìkejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, Èkìtì ṣòfin lórí dídaran kiri ní 2016, Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2019, Ògùn àti Oǹdó ṣe tiwọn ní 2021. A kò ta ko òfin kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa: ibi tí màlúù kò gbọdọ̀ dé ni apá tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ. Màlúù kì í sì í jẹ òfin. Èyí tí wọ́n bá ní kó dúró sójú kan gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi sẹ́nu níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rìn, ibi tí ewé tútù bá kù sí ni yóò sì forí lé. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, ewé tútù tó kù l'Adakplamè kò ju ti ẹ̀gẹ́ wa lọ.

Èrò tiwa nìyí. Kí àwa ará abúlé fúnra wa máa gé koríko ọjọ́ òjò, kí a pò ó mọ́ ewé àwọn ohun ọ̀gbìn ìdílé ẹ̀wà, kí a dì í pa sínú àpò àti àgbá kí afẹ́fẹ́ má ráyè, kí ó kan bí ògì ṣe ń kan. Kí a fi bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn tiwa lẹ́ẹ̀rùn, kí a sì ta ìyókù fún ẹni tó bá ní màlúù. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pe nǹkan yìí ní ensilage, àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní sáílẹ́jì. Àwa yóò máa pè é ní koríko ìpamọ́.

Kì í ṣe idán. Obìnrin tó bá ti rẹ àgbàdo fún ògì rí, tàbí tó ti di ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò tó gbé òkúta lé e, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà lára ewé tí wọ́n máa ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi kíkan. Bí ìkan náà bá ti pọ̀ tó, ohun tó ń mú nǹkan jẹrà kò lè ráyè mọ́, ewé náà á sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i. Nǹkan méjì ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ yìí: kí ṣúgà wà, kí afẹ́fẹ́ má sí. Ní 1877, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Auguste Goffart gbé ìwé jáde lórí bó ṣe ń fi ọ̀nà yìí tọ́jú pòròpórò àgbàdo tútù fún ẹran. Nǹkan náà ti pẹ́ láyé, ó kàn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni.

Kí nìdí tí a fi ní kí wọ́n pò ó? Nítorí pé koríko nìkan kò tó, ewé ìdílé ẹ̀wà nìkan sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Koríko ní ṣúgà díẹ̀, ó sì ń kún inú ẹran, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kéré, pàápàá tó bá ti gbó. Ewé ẹ̀wà, ewé ẹ̀pà, òtílí, àgúnmánìyè, gbogbo wọn ní èròjà amúaradàgbà dáadáa, ṣùgbọ́n ṣúgà wọn kò tó nǹkan, ara wọn sì máa ń pa ìkan náà kó má tètè múná. Bí o bá dì wọ́n pa láwọn nìkan, jíjẹrà ló sábà máa ń tètè dé ju kíkan lọ.

Àwa jẹ́rìí sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú rẹ̀, a rò pé bí ewé ẹ̀wà bá ṣe pọ̀ tó ni oúnjẹ náà yóò ṣe dára tó. A rọ ewé ẹ̀wà tútù kún àpò kan, a so ó, a kó o sábẹ́ ìbùsùn. Lọ́sẹ̀ karùn-ún tí a tú u, òórùn tó jáde kò yàtọ̀ sí ti eku tó kú sínú àjà. Ewúrẹ́ tí a gbé e síwájú rẹ̀ wò wá, ó wo ewé náà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá tó ni ewúrẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹni tí kò jẹ fùfú rí ló máa rò pé gbogbo nǹkan tó bá ti ń rùn ló kan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dára máa ń rùn dídùn-kíkan, bí omi ògì ọjọ́ kejì, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bíi ti ewé tí a bọ̀. Èyí tó bá dúdú, tó ń yọ̀, tàbí tó hu funfun, ààtàn ni ilé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹran kò mọ̀: olu inú oúnjẹ máa ń pa ẹran, ó sì máa ń mú kí èyí tó lóyún ṣẹ́nú.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ló dé tí a ò kúkú sá koríko sóòrùn, kó gbẹ, ká tò ó sórí àká bí àwọn ará òkè ṣe ń ṣe. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òjò ilẹ̀ Kétu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò tiwa ń wá lọ́dún: ti àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta títí dé oṣù keje, ti ìkejì láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá. Inú òjò àkọ́kọ́ ni koríko máa ń dùn jù, tó sì máa ń pọ̀ jù. Ìparí rẹ̀ náà ni a máa ń tu ẹ̀pà àkọ́kọ́, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ta ló fẹ́ sá ewé gbẹ nínú oṣù keje? Kí ó tó gbẹ lápá kan, òjò á ti ba ìkejì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ewé ẹ̀pà òjò àkọ́kọ́ fi ń jẹrà sí ẹ̀bá oko wa. Koríko ìpamọ́ kò nílò ju oòrùn ìdajì ọjọ́ lọ. Ti òjò kejì yàtọ̀: ewé ẹ̀wà tí a bá ká nínú oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, ẹ sá a gbẹ, ẹ tò ó síbi tí òjò kò dé, ẹ má wulẹ̀ fi àpò ṣòfò lé e lórí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìtìjú ewúrẹ́ yẹn. A máa ń gé koríko kí ó tó yọ òdòdó, nítorí bó bá ti so èso, igi ló kù. Eèsún dára bó bá ṣì kéré. Panicum tí àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ ń pè ní C1 dára jù ú lọ, ẹni tó bá gbìn ín lè máa gé e léraléra nínú òjò kan náà. A ó tẹ́ ẹ sóòrùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí omi ara rẹ̀ dín kù. A ó gé e wẹ́wẹ́, kó má gùn ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ìmẹ́lẹ́, nítorí àdá ni wọ́n ń fi gé e, ọwọ́ sì ń dun èèyàn. Ṣùgbọ́n ewé tó bá gùn kì í ṣeé kì mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á fara pamọ́ sí àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó bu apá méjì koríko sí apá kan ewé ìdílé ẹ̀wà. A ó wọ́n láfún tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ tí a ti sá gbẹ tí a sì gún sí i, bíi kílò márùn-ún sí ọgọ́rùn-ún kílò, kí ìyẹn fún àwọn kòkòrò náà ní oúnjẹ tí wọn yóò kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó bá rí omi ìrèké dúdú tó máa ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣúgà lè fi ìyẹn ṣe é. Ilé iṣẹ́ ṣúgà wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò jìnnà sí wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ kò jìnnà rárá: ẹ wo òkìtì rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí.

Kí a tó dì í, a ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a ó fún un dáadáa. Bí omi bá ń kán, kò tíì yá, ẹ dá a padà sóòrùn. Bí a bá la ọwọ́ tó tú ká lójijì, ó ti gbẹ jù. Bó bá rọra ń ṣí bí ọmọ tó ń jí lójú oorun, ó ti tó. Nígbà náà ni a ó máa rọ ọ́ sínú àpò tí a ti fi ọ̀rá tẹ́ nínú, díẹ̀díẹ̀, a ó máa fi ẹsẹ̀ tàbí ọmọ odó kì í títí tí kò fi ní sí àyè mọ́. A ó so ẹnu ọ̀rá náà pinpin, a ó tún so ẹnu àpò, a ó gbé e síbi tí eku, ikán àti ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ kò ti lè lu ú. Ihò kan ṣoṣo, kódà tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, tó láti ba ẹ̀gbẹ́ àpò kan jẹ́. Ó kéré tán, kí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwa máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àgbá oníke dára ju àpò lọ, ó sì ń lò fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n fi gbé oògùn rí, ẹ má fi oúnjẹ ẹran sí i. Ọ̀rọ̀ oògùn náà sì kan ewé ẹ̀wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan ń fín oògùn òwú sí ẹ̀wà. Ewé irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ẹnu ẹran, nítorí èèyàn ni yóò mu wàrà rẹ̀, èèyàn náà ni yóò sì jẹ ẹran rẹ̀.

Ní ti àgúnmánìyè, ó yà wá lẹ́nu pé a ń lò ó ṣe ọgbà àti igi iṣu, a sì ń gé ewé rẹ̀ dà nù. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ilé iṣẹ́ ILCA tó wà ní Ìbàdàn bá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ń gbìn ín ní ìlà láàárín àgbàdo, wọ́n ń gé ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, ìyókù ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Àwọn ẹran kan kì í fẹ́ òórùn rẹ̀ ní tútù, ṣùgbọ́n bó bá ti rọ díẹ̀ lóòrùn tó sì kan, wọ́n á jẹ ẹ́. Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ ọ́, Gliricidia, ìtumọ̀ rẹ̀ ni apèkúté, nítorí náà ẹ má gbé e fún ẹṣin tàbí ehoro.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Àgbá kan tó gba omi igba lítà, bí a bá kì í dáadáa, yóò gba koríko ìpamọ́ bíi ọgọ́rùn-ún kílò. Ewúrẹ́ ìbílẹ̀ kan tó tún ń rí èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé díẹ̀ jẹ kò nílò ju kílò kan àbọ̀ lọ lóòjọ́. Obìnrin tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta yóò fi àgbá kan bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbá mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tí kò lágbára àgbá lè fi àpò ṣe é. Ní Pakistan àti Nepal, wọ́n ti dán an wò nínú ọ̀rá kékeré tó ń gba bíi kílò márùn-ún péré, ọ̀rá kan lóòjọ́. Èyí bá obìnrin wa mu gan-an, nítorí kò sí àṣẹ ọkọ tàbí owó ẹgbẹ́ tí yóò dúró dè kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ti màlúù le díẹ̀, a ò ní tàn yín. Abo màlúù ìbílẹ̀ kan lè jẹ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún koríko ìpamọ́ lójúmọ́ bí kò bá sí ohun mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò fi àpò bọ́ agbo màlúù ọgọ́ta ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ gbogbo agbo. Èyí tó bímọ, tó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ọmọ rẹ̀, ni ebi máa ń kọ́kọ́ pa. Abo mẹ́wàá, kílò márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́ bí wọ́n bá dé láti ibi ìjẹko, fún àádọ́rùn-ún ọjọ́: tọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ni. Hẹ́kítà kan Panicum tí a tọ́jú dáadáa yóò mú ju ìyẹn lọ lọ́dún. Ẹran tó mọ̀ pé oúnjẹ ń dúró dè òun nílé kì í pẹ́ níta. Kí wọ́n sì fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún wàrà tán, kí òórùn kíkan náà má wọ inú wàrà. Ẹ̀yin oníṣòwò wàgáṣì mọ bí owó rẹ̀ ṣe máa ń lọ sókè lẹ́ẹ̀rùn tí ọmú màlúù bá gbẹ. Apá kan owó náà wà nínú eèsún tí à ń finá sí.

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ èyí fún àwọn àgbẹ̀ kan, ọ̀kan nínú wọn dìde tìbínú-tìbínú. Ó ní, "Ẹni tí màlúù rẹ̀ jẹ oko mi run lèṣín, èmi ni kí n tún wá máa se oúnjẹ fún màlúù rẹ̀?" A kò dá a lẹ́bi. Oko ọdún kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni a sọ fún un. Èkíní, kì í ṣe gbogbo màlúù tó wà lẹ́yìn Fúlàní ni Fúlàní ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú, àgbẹ̀, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ra màlúù tó fi síkàáwọ́ darandaran. Bí a bá tọpa èyí tó jẹ ẹ̀gẹ́ wa, ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà ará ilé wa ni a ó dé. Èkejì, ìyá gàrí kì í bèèrè ẹ̀yà ẹni tó fẹ́ ra gàrí. Ní Kano àti ní ilẹ̀ Niger, àwọn àgbẹ̀ ń di ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní harawa, wọ́n ń tà á lọ́jà bí ẹni ń ta igi ìdáná. Àwọn ẹlẹ́ran ń rà á. Kò sí ẹni tó ń pè é ní àánú.

Ohun tó ń kọ wá lóminú jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Bí koríko bá di ọjà, ta ló ni koríko? Lónìí, eèsún tó hù sórí ilẹ̀ àjọni tàbí sórí ilẹ̀ tó ń sinmi, ẹni tó bá wù ú ló ń gé e. Ọjọ́ tí àpò kan bá ti ní iye owó, onílẹ̀ yóò dé, àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ̀kadà yóò dé, obìnrin tó ń gé díẹ̀ fún ewúrẹ́ mẹ́ta ni wọn yóò sì kọ́kọ́ lé. Darandaran tó ti ń jẹko níbẹ̀ lójò yóò sọ pé wọ́n ta oúnjẹ ẹran òun. Yorùbá, Ọ̀họ̀rí, Màhí, Fọ̀n àti Fúlàní ló ń gbé pọ̀ nílẹ̀ yìí, oníkálukú ló sì ní bó ṣe ń wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀. A fẹ́ kí àwọn àgbà pe gbogbo wọn jókòó kí òjò tó dé: apá ibo ni a ó máa gé, apá ibo ni a ó fi sílẹ̀ fún ìjẹko, apá ibo ni obìnrin lè gé láìbèèrè. Bí wọ́n bá dúró di ìgbà tí àpò àkọ́kọ́ bá dé ọjà, ìjà tuntun la dá sílẹ̀ láti fi parí ti àtijọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò rántí kòtò. Iṣẹ́ àkànṣe kan wá sí abúlé kan tí a mọ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá fún koríko ìpamọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín fìlà, wọ́n lọ. Òjò kún kòtò náà. Títí di òní, àkèré ni ohun ọ̀sìn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Kòtò ńlá kì í ṣe tiwa, nítorí bí a bá ti ṣí i, ó yẹ kí a máa bu púpọ̀ lójoojúmọ́ kí ìyókù má bàjẹ́, ewúrẹ́ mẹ́ta kò sì lè jẹ tó bẹ́ẹ̀. Àpò ni tiwa. Ohun tí àpò nílò láti ọ̀dọ̀ ìjọba kò pọ̀: ẹ̀rọ tó ń gé koríko, ọ̀kan fún abúlé mélòó kan, tí yóò máa lo irú ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ àgbàdo, kí ẹni tó bá gbé koríko wá máa san owó díẹ̀ bó ṣe ń san owó ọlọ. Àwọn aláṣẹ Kétu lè ṣe èyí láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè yìí, UNA, sì wà ní Kétu, nítòsí wa níhìn-ín. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ ẹran ní èdè Faransé. Kí ló dé tí wọn kò fi ní máa wá sí Adakplamè nínú oṣù kẹfà, kí wọ́n ṣe é lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Fọ̀n àti ní èdè Fúlàní, kí wọ́n sì padà wá nínú oṣù kìíní láti tú àpò náà lójú àwọn kan náà? Ìpadàbọ̀ náà ni a tẹnu mọ́. Ẹni tó bá di àpò tí kò wá tú u kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ní tiwa, a kò dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn àpò ewé ẹ̀wà tó jẹrà yẹn, àwa àti màmá oníwúrẹ́ tún di àpò mẹ́fà mìíràn, eèsún apá méjì, ewé ẹ̀pà àti àgúnmánìyè apá kan, èèpo ẹ̀gẹ́ tí a gún. Méjì bàjẹ́ nítorí eku. A tú ẹ̀kẹta nínú oṣù kìíní. Díẹ̀ ni a kọ́kọ́ fún àwọn ewúrẹ́ náà, àbọ̀ kílò, kí inú wọn lè mọ̀ ọ́n, a sì ń fi kún un títí ọ̀sẹ̀ kan fi pé. Wọn kò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí a tó jí.

Darandaran kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú agbo rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó bu díẹ̀ lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, ó rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè pé eélòó ni àpò kan, àti pé bí òun bá padà wá lọ́jọ́ ọjà, ta ni kí òun bèèrè. Màmá wò wá, àwa náà wo màmá. Kò sí ẹni tó ń tà á l'Adakplamè.